Epo Pupa Ilẹ̀ Adja-Ouèrè: Ìtàn Bí Ayé Ṣe Mọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ilẹ̀ Adja-Ouèrè wà ní ẹkùn Plateau ní gúúsù-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Ó súnmọ́ Pobè, olú-ìlú ẹkùn náà, pẹ́kípẹ́kí; Sakété wà ní gúúsù rẹ̀, Kétu sì wà ní àríwá. Àwọn Nàgó àti àwọn Ọ̀họ̀rí, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, ló ni ìgbèríko náà láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn Fọ̀n àti Gùn sì ń bá wọn gbé, wọ́n sì ń bá wọn ná ọjà bíi ti Ikpinlè. Apá kan ilẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀ pupa tí omi ń tètè wọ̀, apá kejì, tó kọjú sí àfonífojì àwọn Ọ̀họ̀rí, sì jẹ́ amọ̀ dúdú tí ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò tí ó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orí ilẹ̀ pupa ni ọ̀pẹ pọ̀ sí jù, ọ̀pẹ yìí ló sì so ìtàn agbègbè náà mọ́ ìtàn ìmọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ tirẹ̀, èyíinì ni ìtàn bí ẹ̀dá ṣe mọ̀ pé epo kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo bí kò ṣe àdàlù ọ̀pọ̀ ọ̀rá, àti bí wọ́n ṣe rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nínú àdàlù náà.

Ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ epo bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìgbèríko yẹn, akọpẹ a fi igbà gun ọ̀pẹ, a gé ìdì ẹyìn tó ti pọ́n, iṣẹ́ ọkùnrin a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Obìnrin ló ń gba ìdì náà, tí ó ń fi àdá là á, tí ó ń kó o jọ, tí ó ń fi ewé bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè tú kúrò lára ìdì láìsí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni yóò se ẹyìn, yóò gún un nínú odó tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, yóò da omi sí i, yóò yọ ìhá àti èkùrọ́ kúrò, yóò bu ìfófòó pupa tó léfòó sójú omi sínú ìkòkò, yóò sì sè é títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ tí epo nìkan yóò ṣẹ́kù. Ìhá ni wọ́n fi ń dáná, èkùrọ́ ni wọ́n ń pa fún àdín. Gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ibi tí adùn epo ti ń yàtọ̀ ni iye ọjọ́ tí ẹyìn fi wà lábẹ́ ewé. Ẹyìn tí wọ́n tètè sè a máa mú epo tó dùn, tó ń ṣàn, tó sì ń ta sánsán jáde. Èyí tó pẹ́ títí tí ó fi gbóná tí ó sì rà díẹ̀ a máa rọrùn láti tẹ̀, kì í sì í jẹ igi ìdáná púpọ̀, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ a máa ta ọ̀fun, a sì máa dì gbagidi. Ẹni tó ń ṣe epo mọ èyí dájú, ó sì ń yan èyí tó bá agbára rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ mu.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sí ìdajì, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ń fòfin de òwò ẹrú, tí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti ti àbẹ́là sì ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé, epo pupa di ọjà tí ọkọ̀ òkun ń wá kó. Victor Régis, oníṣòwò ará Marseille, fi ìdí òwò epo kalẹ̀ sí Ouidah ní 1841 lábẹ́ Ọba Gézò ti Dàhòmì. Ní ìhà ìlà-oòrùn, Àjàṣẹ́ tí í ṣe Porto-Novo ni ẹnu ọ̀nà epo ilẹ̀ Nàgó, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ojú ọ̀sà kọjá lọ sí Èkó. Àwọn oníṣòwò Liverpool pín epo tó ń ti etí òkun Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ wọn sí epo rírọ̀ àti epo líle, wọ́n sì fi epo tó ń bá orúkọ Èkó dé sí ipò gíga láàárín àwọn epo rírọ̀. Wọn kò tíì mọ ohun tó fà á tí epo kan fi rọ̀ tí èkejì fi le, síbẹ̀ owó tí wọ́n ń san lórí ìyàtọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ìdíyelé ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí akọpẹ gé ìdì àti ìgbà tí obìnrin gbé ẹyìn kaná.

Òwò náà kò bá àlàáfíà rìn. Ọmọ ogun Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, wọ́n sì pa Kétu run ní 1886. Nígbà tó di 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi àdéhùn pín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn láàárín ara wọn, Adja-Ouèrè sì bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ojú irin ti Àjàṣẹ́ gba Sakété wá dé Pobè, iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù sì ni kíkó epo àti èkùrọ́ lọ sí etí òkun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ẹrẹ̀ ilẹ̀ wọn ti dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀tá ṣáájú, dìde sí ìjọba Faransé ní 1914 nítorí owó orí, iṣẹ́ tipátipá àti kíkó ọmọ wọn lọ sí ogun. Òpìtàn A. I. Asiwaju ti kọ ìtàn ìdìde náà sílẹ̀ kúnnákúnná, ẹni tó bá sì ń ka ìtàn epo nìkan láìka tiwọn yóò rò pé ìfẹ́ inú nìkan ni àwọn àgbẹ̀ fi gbé epo wọn wọ ọkọ̀ ojú irin.

Láàárín àkókò yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Yúróòpù ń wá ohun tí ọ̀rá jẹ́. Michel-Eugène Chevreul, ọmọ Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rá ẹranko jáde ní 1823, ó sì fi hàn nínú rẹ̀ pé ọ̀rá pín sí apá méjì: apá kan tó dùn, tó sì ń fà, tí a ń pè ní glycerol lónìí, àti àwọn ásíìdì ọ̀rá, èyíinì ni ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi kábọ̀nù àti háídírójìn hun tí ásíìdì sì wà ní ìkángun rẹ̀ kan. Glycerol kan a máa di ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta mú, ohun tí wọ́n jọ di ni a ń pè ní tíráígílísíráìdì, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú epo. Ní 1840 Edmond Frémy rí ásíìdì palmitic nínú epo ọ̀pẹ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti sọ ìdí tí epo fi ń le: bí ásíìdì ọ̀rá bá tú kúrò lára glycerol, tí ó sì wà lómìnira nínú epo, yóò mú kí epo náà kan, kí ó sì dì.

Síbẹ̀ ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ náà ní kò ju èyí tó ń fún odindi epo ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ní 1879 Köttstorfer gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ń fi iye èròjà tó ń sọ epo di ọṣẹ wọn bí ásíìdì inú rẹ̀ ti gùn tó. Ní 1884 von Hübl gbé òmíràn kalẹ̀ tí ń fi iye áyódínì tí epo fà mọ́ra sọ bí àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ ti kún fún háídírójìn tó. Ọgbọ́n tó wúlò ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sì lò wọ́n gidigidi, ṣùgbọ́n epo méjì tí àdàlù wọn yàtọ̀ síra lè ní nọ́ńbà kan náà, nọ́ńbà náà kò sì lè sọ ohun tó fà á.

Ní 1922 ni ìjọba Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan lára àwọn ibùdó tó pẹ́ jù fún irú iṣẹ́ yìí ní Áfíríkà wà ní ẹ̀gbẹ́ Adja-Ouèrè gan-an. Ibi tí wọ́n yàn náà jẹ́ ibi ìnira fún ọ̀pẹ. Igi yìí fẹ́ òjò tó tó mìlímítà 1,800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, kò sì fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, ṣùgbọ́n Pobè àti agbègbè rẹ̀ kò sábà rí ju nǹkan bí 1,200 lọ, nítorí pé gúúsù Benin wà nínú àlàfo gbígbẹ tó já igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì. Ọ̀pẹ tó bá là á já níbẹ̀ ti fara da ohun tí ọ̀pẹ ibòmíràn kò mọ̀. IRHO, àjọ ìwádìí epo ti Faransé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942, gba àbójútó ibùdó náà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sì fi í kún pàṣípààrọ̀ irúgbìn tó wáyé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì láàárín Pobè, La Mé ní Côte d'Ivoire, àwọn ibùdó ilẹ̀ Kóńgò, àti àwọn oko Éṣíà tí ọ̀pẹ wọn ṣẹ̀ láti ara igi mẹ́rin péré tí wọ́n gbìn sí Bogor ní Indonéṣíà ní 1848.

Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà ni iye epo. Beirnaert àti Vanderweyen ti fi hàn ní Kóńgò ní 1941 pé jíìnì kan ṣoṣo, èyíinì ni apá kan nínú ogún tí igi ń jẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, ló ń pinnu bí èèpo èkùrọ́ yóò ti nípọn tó: dura ni orúkọ ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, irú èyí tó kún inú oko àti ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀ Nàgó, pisifera kò ní èèpo, bí a bá sì mú méjèèjì gun ara wọn, a ó rí tenera, tí èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, tí ẹran ẹyìn rẹ̀ sì pọ̀. Ọgbọ́n yìí ló wà lẹ́yìn gbogbo irúgbìn tí Pobè ń tà fún àgbẹ̀ títí di òní, lábẹ́ INRAB, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Benin. Irú epo tí ẹyìn náà ń mú jáde, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ìdì, kò tíì rí olùbéèrè púpọ̀, nítorí irinṣẹ́ tí wọn ì bá fi béèrè kò sí lọ́wọ́ wọn.

Irinṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mass spectrometer, tí a lè pè ní ẹ̀rọ ìwọn-mólẹ́kù. J. J. Thomson ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n rẹ̀ ní Cambridge, Francis Aston tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ sì sọ ọ́ di ẹ̀rọ pípé ní 1919. Mólẹ́kù ni ègé tó kéré jù lọ nínú ohun kan tí ó ṣì jẹ́ ohun náà. Ẹ̀rọ yìí a máa fi iná mànàmáná lé mólẹ́kù lórí nínú ààyè tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, a sì máa tì í sáré. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ìyàngbò jìnnà tí ọkà sì ń bọ́ sítòsí, bẹ́ẹ̀ ni mólẹ́kù fífúyẹ́ àti èyí tó wúwo ṣe ń yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, a sì lè ka ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan àti bí ó ti pọ̀ tó. Gáàsì àti èròjà fífúyẹ́ nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀n, torí pé ọ̀rá kì í fẹ́ fò lọ bí gáàsì. Ní 1952 James àti Martin ní London gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ń jẹ́ kí gáàsì gbé àdàlù ásíìdì ọ̀rá kọjá nínú ọ̀pá gígùn kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi jáde ní àkókò tirẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí ìgbà náà, Ragnar Ryhage àti Einar Stenhagen ní Sweden ti ń wọn àwọn ásíìdì ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn-mólẹ́kù, wọ́n sì ń kọ àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀ nígbà tí ó bá fọ́.

Bí a bá fi epo pupa sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tú àwọn ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, a ó rí palmitic, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 256, ní nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, oleic, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 282, ní nǹkan bí ìdá 39, linoleic, 280, ní nǹkan bí ìdá 10, ìyókù kéré. Àdín yàtọ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú èso kan náà ni méjèèjì ti ń wá: lauric, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 200, ló kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọṣẹ tí wọ́n fi àdín ṣe fi ń hó dáadáa. Ṣùgbọ́n títú ásíìdì sílẹ̀ ṣáájú ìwọ̀n ń pa òtítọ́ kan mọ́, nítorí kò jẹ́ kí a mọ ásíìdì wo ló bá èwo gbé lórí glycerol kan náà.

Ìdáhùn sí ìyẹn dé nígbà tí John Fenn ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà láti tú mólẹ́kù ńlá sínú omi, kí ó fi iná mànàmáná fọ́n omi náà bí ìrì, kí mólẹ́kù inú rẹ̀ sì bọ́ sínú ẹ̀rọ láìfọ́; ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2002. Xianlin Han àti Richard Gross ní St. Louis ti fi ọgbọ́n yìí wọn àdàlù ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ láti 1994. Bí wọ́n bá fi epo pupa ṣe é, tíráígílísíráìdì kan tó ní palmitic méjì àti oleic kan, tí wọ́n ń pè ní POP, yóò hàn ní ìwọ̀n 850 nítorí pé ó gbé àmóníà dání. Bí wọ́n bá tún fọ́ ìyẹn nìkan, ègé méjì ni yóò jáde: 577, tó ti pàdánù palmitic kan, àti 551, tó ti pàdánù oleic. Bí ègé kan ṣe pọ̀ ju èkejì ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àárín ni oleic sábà máa ń jókòó sí lórí glycerol. POP àti èkejì rẹ̀ POO, tó ní oleic méjì, ló kó nǹkan bí ìdajì epo pupa, àwọn ló sì ṣàlàyé ohun tí gbogbo ilé ní Adja-Ouèrè ń rí nígbà ọyẹ́, nígbà tí epo inú ìgò bá pín, tí apá kan dì sísàlẹ̀, tí apá pupa tó mọ́ sì ń ṣàn lókè: àwọn tó ní palmitic púpọ̀ ló ń dì, àwọn tó ní oleic púpọ̀ ló ń ṣàn.

Ẹ̀rọ yìí ti wọ inú ìtàn àtijọ́ pẹ̀lú. Julie Dunne àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Bristol, pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn Jámánì láti Frankfurt, yẹ àpáàdì 458 wò láti ilẹ̀ Nok ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, wọ́n sì sọ ní 2021 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ní ìda oyin nínú. Kíkà epo ọ̀pẹ nínú ìkòkò àtijọ́ ṣòro ju ti oyin lọ, nítorí ásíìdì palmitic wà nínú ọ̀rá ẹranko àti nínú òróró mìíràn bákan náà, àwọ̀ pupa epo tí ì bá jẹ́ ẹ̀rí sì ti ń ṣá kí ẹgbẹ̀rún ọdún tó pé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ẹkù ilẹ̀ Nàgó láti inú àpáàdì ní láti ṣọ́ra gidigidi. Lójú ọjà ti òde òní, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe tààrà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2015, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Gánà kéde pé àwọn kan ń po aró Sudan IV, tí kò yẹ kí ó wọ ẹnu ènìyàn, mọ́ epo pupa kí ó lè pọ́n sí i, irú ẹ̀rọ yìí sì lè rí aró náà bí ó tilẹ̀ kéré gan-an, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti èròjà kankan tí ọ̀pẹ dá mu.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ìgbèríko Adja-Ouèrè ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọjọ́ tó wà lábẹ́ ewé. Inú ẹran ẹyìn ni ẹ́ńsáìmù kan wà, èyíinì ni èròjà tí ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá kíákíá nínú ohun alààyè, tí wọ́n ń pè ní lipase. Bí ẹyìn bá ti pọ́n, tí ó bá forí gbá nǹkan tàbí tí ó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, lipase yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já ásíìdì ọ̀rá kúrò lára glycerol. Ooru sísè ló sì ń pa á. Ní 2013, Fabienne Morcillo àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti Faransé, Cameroon àti Benin, tí Hubert Domonhédo láti ibùdó Pobè wà lára wọn, tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications pé wọ́n ti rí jíìnì tó ń ṣe lipase yìí, àti pé àwọn ọ̀pẹ kan wà tí jíìnì náà kò lágbára nínú wọn, tí epo wọn kì í sì í kan bí wọ́n tilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó sè é. Òwò àgbáyé kì í fẹ́ kí ásíìdì tó wà lómìnira nínú epo ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, epo ọ̀nà àtijọ́ sì sábà máa ń kọjá ibẹ̀, nítorí náà ni àwárí yìí ṣe tóbi. Ó tún di kókó sí i nígbà tí àwọn onímọ̀ rí i pé bí ilé-iṣẹ́ bá gbé epo tó ti kan sí ooru gíga láti fọ̀ ọ́ mọ́, àwọn èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní 3-MCPD lè yọjú nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọn-mólẹ́kù náà ni wọ́n fi ń kà wọ́n.

Ó tọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìtàn ìmọ̀ yìí pé àwọn obìnrin tó ń gbé ẹyìn kaná kíákíá fún epo jíjẹ, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ti ọṣẹ pẹ́, ti ń darí lipase fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Ìwé àwọn onímọ̀ kì í sábà dárúkọ wọn. Irúgbìn tí lipase rẹ̀ kò lágbára yóò dín ìnira wọn kù bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ẹni tí kò ní igi ìdáná tàbí olùrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gé ìdì kò ní sọ epo rẹ̀ nù mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tí wọ́n bá gbìn lónìí ń gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so, ó sì lè wà lóko fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ ilẹ̀ náà jẹ́ dura tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ó hù fúnra rẹ̀ nínú oko àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́ sí i, epo tí wọ́n ń gbé wá sí ọjà Ikpinlè yóò ṣì jẹ́ epo àwọn igi wọ̀nyẹn, iye ásíìdì tó wà lómìnira nínú rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀lé ọjọ́ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bá gbé ẹyìn rẹ̀ kaná.